Ẹja pupa àti ẹja tútù yọ̀yọ̀: ṣé ẹja kan náà ni lóòótọ́?

Olùkọ́ Òkè-Baálẹ̀

Mo kí gbogbo ilé. Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níhìn-ín ní Òṣogbo, ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló sì lé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura kan ní Nassau, ní orílẹ̀-èdè Bahamas, fi àwòrán ẹja méjì ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan pupa fòò lábẹ́ ikùn títí dé ìrù, ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú àti funfun, wọ́n sì tò lé ara wọn bí páànù orí ilé. Èkejì tutù bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, ó ní àmì kan tó pọ́n bí ìyeyè ní ìdí ìrù, àti òmíràn tó kéré lókè ibi tí àwọn ẹlẹ́ja máa ń ṣí wò láti mọ̀ bóyá ẹja ṣì dára. Ohun kan ṣoṣo tó pa wọ́n pọ̀ ni ẹnu: àgógó ni, bíi ti odídẹ, ìdí nìyí tí àbúrò mi fi ń pè é ní ẹja ayékòótọ́.

Ó ní ẹja kan náà ni méjèèjì, pé pupa ni abo, tútù ni akọ, àti pé abo yẹn gan-an ló ń di akọ tó bá tóbi tán. Ó tún ní àwọn kan nínú ẹ̀yà ẹja yìí máa ń fi ikun ara wọn hun ilé tí wọn yóò sùn sí lálẹ́, àti pé iyanrìn funfun tí òun dúró lé lórí nígbà tí òun ń ya àwòrán náà, ìgbẹ́ ẹja ni. Ẹ jọ̀wọ́, aláwàdà ni àbúrò mi yìí láti kékeré. Ṣùgbọ́n òun náà ló sọ fún màmá wa lọ́dún tó kọjá pé ẹlẹ́dẹ̀ ń wẹ̀ nínú òkun ní Bahamas, gbogbo wa bú u, kó tó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, n kò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo ṣèèṣì fi àwòrán náà han kíláàsì mi. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní: "Sà, tó bá jẹ́ pé abo ló ń di akọ, nígbà tí gbogbo wọn bá di akọ tán, ta ni yóò máa yé ẹyin?" N kò rí èsì fọ̀. Ẹ gbà mí o, nítorí mo ti ṣèlérí pé n óò mú èsì wá.

Ọmọ Etí-Ọ̀ṣun

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ìmọ̀ ẹja ni mo kọ́ ní yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja àrọ̀ ni mo ń sìn báyìí ní ọ̀nà Ìkìrun. Àbúrò yín kò purọ́ lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Sparisoma viride ni àwọn onímọ̀ ń pe ẹja inú àwòrán yẹn. Ó wà láti Florida àti Bahamas wọ inú gbogbo òkun Karíbíà, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan bí 100 irú ẹja ayékòótọ́ tó wà nínú àwọn òkun ilẹ̀ olóoru. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Bonnaterre ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1788. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín pé ẹ rò pé ẹja méjì ni, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá rò bẹ́ẹ̀. Òkú ẹja ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn ní Yúróòpù nígbà náà. Wọ́n rí tútù, wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n rí pupa, wọ́n fún òun náà ní orúkọ tirẹ̀. Èyí pupa inú àwòrán yín jẹ́ Sparisoma abildgaardi nínú ìwé wọn fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó mọ̀ pé tọkọtaya ni wọ́n ń yà nípa.

Ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn ni kókó ọ̀rọ̀, ẹ bá mi yìn ín. Kì í ṣe gbogbo abo ló ń di akọ. Púpọ̀ nínú wọn ló ń kú sípò abo. Akọ ńlá kan a máa ṣọ́ agbègbè kan lórí àpáta ìyùn (àpáta inú òkun tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń jẹ́ ìyùn kọ́), òun pẹ̀lú abo mélòó kan, kò sì ní í jẹ́ kí akọ mìíràn súnmọ́ ibẹ̀. Nítorí náà, ẹja kékeré tó bá jẹ́ akọ, ìyà ló ń jẹ, kò lè ja ìjà àgbà. Ṣùgbọ́n ẹja kékeré tó bá jẹ́ abo kò pàdánù ohunkóhun, ó ń yé ẹyin tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó bá wá tóbi tó ẹni tó lè di ilẹ̀ mú, tàbí tí akọ àgbègbè náà kú tí àyè ṣí sílẹ̀, ìgbà náà ni jíjẹ́ akọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lérè ju jíjẹ́ abo lọ. Họ́mọ̀nù ara rẹ̀ yóò yí padà, ilé ẹyin rẹ̀ yóò rọ, ibi tí àtọ̀ ti ń wá yóò gba ipò rẹ̀. Bí àwọ̀ ṣe ń pa dà, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìlú aró yóò tètè mọ̀ ọ́n: ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni aṣọ tí a tì bọ inú ìkòkò aró máa ń dú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja yìí, wọ́n máa ń rí èyí tó ti tutù ní orí tí ikùn rẹ̀ ṣì ń pọ́n.

Àwọn ẹ̀yà kan tún wà tí wọ́n ní akọ tí a bí ní akọ, ṣùgbọ́n tó wọ aṣọ abo. Yóò rọra fara pamọ́ sáàárín àwọn abo. Nígbà tí akọ ńlá àti abo bá jọ sáré gòkè láti tú ẹyin àti àtọ̀ sínú omi, òun náà yóò já wọ àárín wọn, yóò da tirẹ̀ sí i, yóò sì sá lọ. Ẹ wo olè! Ẹ̀yà kan sì wà, Leptoscarus vaigiensis, tó ń gbé inú koríko òkun ní òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, tí kì í yí padà rárá: bí wọ́n ṣe bí i ló ṣe ń wà. Nítorí náà, tí ẹ bá dé kíláàsì, ẹ sọ pé "ọ̀pọ̀ ẹja ayékòótọ́", ẹ má sọ pé "gbogbo wọn".

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìgbóná

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta ẹja ní ọjà Ìgbóná. Ti abo tó di akọ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ kàwé ni mo gbà á lọ́wọ́ yín, nítorí abo ẹja tí mo mọ̀ kò ju èyí tí mo là tí mo bá ẹyin nínú rẹ̀ lọ. Èyí tí kò yé mi ni ọ̀rọ̀ iyanrìn. Tí iyanrìn bá jẹ́ ìgbẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé òkúta ló ń jẹ. Báwo ni ẹja ṣe lè gé òkúta jẹ tí eyín rẹ̀ kò ní í kán? Ẹran ni eyín ẹja àrọ̀ mọ̀, kò lágbára kan lọ títí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo máa ń rí nínú èpìyà. Tí oníbàárà bá ní kí n la orí rẹ̀, egungun kékeré kan wà nínú ọ̀fun, kò jìnnà sí ibi pupa tó fi ń mí, tó rí gbágungbàgun. Tí ẹ bá fi ìka rà á, ó ń ha ní lọ́wọ́ bíi sáńpépà. Mo ti rò ó títí pé kí ni ẹja ń fi eyín ṣe nínú ọ̀fun. Ṣé irú rẹ̀ ni ti ẹja yín yìí?

Ọmọ Etí-Ọ̀ṣun

Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo lo ọdún púpọ̀ ní yunifásítì, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ tó báyìí. Irú rẹ̀ gan-an ni. Èpìyà ní eyín ẹnu, ó tún ní eyín ọ̀fun tó fi ń lọ oúnjẹ. Ẹja ayékòótọ́ ní irú egungun ọ̀fun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ dà bí ọlọ àti ọmọ ọlọ: òkè ń fi ara gbo ìsàlẹ̀, ohunkóhun tó bá kọjá láàárín wọn yóò di lẹ́búlẹ́bú. Láti ayé Aristotle ni àwọn Gíríìkì ti ń sọ pé ẹja yìí nìkan ló ń jẹ àpọ̀jẹ bíi màlúù; lílọ̀ tó ń lọ oúnjẹ yìí ló jọ pé wọ́n rí.

Ní ti eyín iwájú, kì í ṣe eyín méjì ní ń jẹ́ àgógó yẹn. Nǹkan bí 1,000 eyín kéékèèké ló lẹ̀ mọ́ra wọn ní ìlà 15, bí iwájú ṣe ń jẹ ni ti ẹ̀yìn ń sún síwájú. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní California fi ẹ̀rọ alágbára wo eyín ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì rí i pé àwọn fọ́nrán fluorapatite, ohun líle tí eyín náà fi ṣe, tó wà nínú rẹ̀ wọnú ara wọn bí ìgbà tí ahunṣọ bá hun òfì. Ìhun yìí ni kì í jẹ́ kó kán. Ẹja yìí kò sì ní àpò ikùn, láti ọ̀fun ni gbogbo nǹkan ti ń lọ tààrà sínú ìfun.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi kún un pé kì í ṣe òkúta ló ń wá jẹ. Ewé inú omi tó ń yọ̀, irú èyí tó máa ń hù sára àmù tí a kò fọ̀, àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó wà lára àpáta àti nínú rẹ̀, ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ha wọ́n ló ń bù mọ́ àpáta, Sparisoma viride sì tún máa ń bu ìyùn tó wà láàyè jẹ pẹ̀lú.

Alhaji Àlẹ́kúwodò

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wa ọkọ̀ ní Jeddah kí n tó pa dà wálé, ẹja yìí kì í sì í ṣe àlejò lójú mi. Nínú ọjà ẹja ńlá tó wà níbẹ̀, wọn a tò ó sórí yìnyín, wọn a máa dán bí aṣọ ọjọ́ ìyàwó. Àwọn ńlá ló ń dán bẹ́ẹ̀. Àwọn kékeré rẹ́súrẹ́sú, n kò sì rò ó rí pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, àfi bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín yìí. Harid ni àwọn Lárúbáwá ń pe ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó fún un lórúkọ sáyẹ́ǹsì kò sì wá ibi kankan lọ, Hipposcarus harid ni wọ́n ń pè é lónìí.

Ní erékùṣù Farasan, níwájú ìlú Jazan ní Saudi Arabia kan náà, ẹja harid máa ń rọ́ wá sí etíkun tí kò jìn lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, ìjọba sì sọ ọ́ di ọdún ńlá. Tí wọ́n bá ti fún àwọn èèyàn láṣẹ, tọmọdé tàgbà ni yóò sáré wọ omi pẹ̀lú àwọ̀n. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rí i, nítorí èmi tí mo ti ìlú tí orúkọ oyè ọba wọn ti inú "a tẹ́wọ́ gba ẹja" wá, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹja inú igbó Ọ̀ṣun, èmi ni mo wá ń wo bí odindi ìlú ṣe ń lé ẹja kiri nínú omi nítorí ọdún.

Ní ti ilé tó ń hun, mo fi ojú ara mi rí i. Ọ̀rẹ́ mi ará Sudan kan tó ń pẹja mú mi lọ sí etí òkun kan ní àríwá Jeddah lóru, òkun fà sẹ́yìn, omi kò ju orúnkún lọ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ òkúta kan. Ẹja náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú nǹkan kan tó mọ́ gaara, àfi bí ẹja tí wọ́n dì sínú láílọ́ọ̀nù nílé ìtajà. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan bò ó ni iyanrìn wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lókè. Mo fi ọ̀pá kékeré kàn án, ó rí bí ilá tí wọ́n ti rò. Ẹja náà kò mira. Ọ̀rẹ́ mi ní tó bá di ìdájí, yóò já a, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Kí ló wá ń hun ún fún? Ọ̀rẹ́ mi ní nítorí ejò òkun ni, kó má baà gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ọmọ Etí-Ọ̀ṣun

Alhaji, ẹ kú ìrántí. Èrò ọ̀rẹ́ yín bá ti àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ mu: láti bí ọdún 1955 ni wọ́n ti ń sọ pé ó ń fi bo òórùn ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún àwọn ẹja gígùn bí ejò tó ń ṣọdẹ lóru. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí Àpáta Ìyùn Ńlá ti Ọsirélíà, ní nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn, rí ọ̀tá mìíràn. Kòkòrò kéékèèké kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹja lóru. Àwọn olùwádìí rọra yọ ìbora náà kúrò lára àwọn kan láì jí wọn, wọ́n fi í sílẹ̀ lára àwọn yòókù, wọ́n sì tú kòkòrò sí wọn. Àwọn tí wọ́n tú sí ìhòòhò ni kòkòrò bò jù lọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni, ká sọ ọ́ bó ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Kì í kúkú ṣe gbogbo wọn ló ń hun ún. Àwọn ìdílé ẹja ayékòótọ́ tó ń jẹ́ Scarus àti Chlorurus ni a mọ̀ mọ́ ọn. Ẹja inú àwòrán Tíṣà kò sí lára wọn.

Màmá yóò béèrè bóyá ó dùn. Ó dùn, ìyẹn ló sì fa wàhálà. Ní Karíbíà, ní 1983 sí 1984, àrùn kan pa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀dá kan báyìí tó ní ẹ̀gún lára bí òòrẹ̀, tó ń bá wọn jẹ ewé inú omi. Ẹja ayékòótọ́ ló wá kù tó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, àwọn apẹja sì ń kó òun náà. Ewé bo ìyùn mọ́lẹ̀. Nígbà tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ohun alààyè, gbé ìròyìn jáde ní 2014, wọ́n ní ìyùn tó wà láàyè níbẹ̀ ti dín ju ìdajì lọ láti àwọn ọdún 1970. Belize ti fi òfin de pípa ẹja yìí ní 2009, Bonaire, erékùṣù kan ní Karíbíà, tẹ̀ lé e ní 2010. Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ni pé ẹja tó tóbi jù lápẹja kọ́kọ́ ń wá, àwọn ńlá yìí sì ni akọ.

Ará Ọ̀ta-Ẹ̀fun

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ iyanrìn, nítorí ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ni iṣẹ́ mi, mo sì rí i pé ẹ ń fo ó kọjá.

Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àbúrò Tíṣà, ṣùgbọ́n ibi tó dúró sí nígbà tó sọ ọ́ kò bá ọ̀rọ̀ náà mu tán. Ohun tí ẹja yìí bá lọ̀ nínú ọ̀fun kò dà nínú ìfun, yóò tú u jáde ní iyanrìn funfun, a sì lè rí i tó ń dà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyẹ̀fun tó ń jò nínú àpò. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, Bolbometopon muricatum, tó ní gègé ńlá níwájú orí, tó lè gùn tó mítà 1.3, tó sì lè wọn kílò 46, ẹyọ kan rẹ̀ a máa jẹ ju tọ́ọ̀nù 5 àpáta ìyùn lọ lọ́dún. Ní Vakkaru, erékùṣù kan ní Maldives, ìwádìí tó jáde ní 2015 fi hàn pé ẹja ayékòótọ́ ló ń pèsè ju ìdá 85 nínú 100 iyanrìn tuntun tó ń jáde lórí àpáta ìyùn tó yí i ká. Wọ́n ń kọ́ ilẹ̀ tí èèyàn ń gbé.

Ṣùgbọ́n ní Bahamas, ọ̀pọ̀ iyanrìn funfun ni ẹja kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Omi ibẹ̀ gbóná, kò jìn, kálíṣíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ ara ègé kékeré tó ń yí nínú ìgbì, ipele lórí ipele, títí yóò fi rí róbótó bí ẹyin ẹja. Ewé òkun kan tún wà, Halimeda, tí egungun ara rẹ̀ ń di iyanrìn tó bá kú. Kí àbúrò Tíṣà bu díẹ̀, kó wò ó dáadáa: tó bá rí róbótó tó ń dán, kó má fi ti ẹja kún un.

Tiwa ní etíkun Èkó yàtọ̀ pátápátá, òkúta tí odò rún wá láti òkè ilẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún kíláàsì. Tí ẹ bá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí iyanrìn ìyùn, yóò hó. Tí ẹ bá kán an sórí iyanrìn odò wa, kò ní í dáhùn. Tí ẹ kò bá rí iyanrìn ìyùn, ẹ gún ìkarahun ìgbín, ohun kan náà ló wà nínú wọn.

Olùkọ́ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á fún yín ní èrè. A ti ṣe ti ọsàn wẹ́wẹ́ lánàá. Ìkarahun ìgbín tí a gún hó ṣùùù, ariwo sọ nínú kíláàsì. Iyanrìn tí àwọn ọmọ bù wá láti etí odò Ọ̀ṣun dákẹ́ bí ẹni pé a kò fọwọ́ kàn án. Mo tún fi àgógó ẹnu ẹja náà hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì wá wò ó pẹ̀lú ojú mìíràn.

Ìbéèrè méjì ló kù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ṣé ẹja yìí wà ní òkun tiwa, òmíràn ní ṣé ìyùn tí àwọn ìyá wa ń fi sọ́rùn lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun ló ń jẹ.

Ọmọ Etí-Ọ̀ṣun

Ẹ̀yà kan wà ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Scarus hoefleri ni orúkọ rẹ̀; ó wà ní Senegal, Cape Verde àti São Tomé. Ṣùgbọ́n ẹ má retí àpáta ìyùn ńlá ní Èkó, nítorí ìyùn tó ń kọ́ àpáta kò fẹ́ ẹrẹ̀, odò tó ń kó ẹrẹ̀ wọ òkun wa sì pọ̀. Ní ti ìyùn ọrùn, ó yàtọ̀. Inú òkun Mẹditaréníà ni ìyùn pupa tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ti ń wá láti ayébáyé, ìbátan jíjìn ni òun àti èyí tó ń kọ́ àpáta.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìgbóná

Tíṣà, ẹ má wulẹ̀ fi àwòrán nìkan kọ́ àwọn ọmọ náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ yà sí ìsọ̀ mi kí oòrùn tó mú. Orí èpìyà tí àwọn oníbàárà kò gbà máa ń pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, n óò kó o pamọ́ fún yín, kí oníkálukú wọn fi ìka ara rẹ̀ kan eyín ọ̀fun náà. Ẹ mú ọ̀bẹ tó mú dání o, nítorí tèmi kì í ráyè.